Tíkẹ́ẹ̀tì Bàlúù Tí Ẹ Fẹ́ Yí Padà, Àti Èènì Tó Wà Nínú Káàdì Báńkì

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí jọ ọ̀rọ̀ àwọn olówó, ṣùgbọ́n tiwa ni. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá wọ bàlúù láàárín wa, gbogbo ọjà ló máa gbọ́. Àwọn ìyá wa tó ń lọ ra léèsì ní Austria nígbà náà, tíkẹ́ẹ̀tì wọn dà bí ìwé kékeré tí kábọ́nù pupa wà lẹ́yìn rẹ̀, inú pọ́ọ̀sì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí bí ẹni tọ́jú wúrà. Ìwé yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2008 ni IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bàlúù àgbáyé, ti dáwọ́ tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé dúró. Nọ́ńbà lásán ni tíkẹ́ẹ̀tì nísinsìnyí, inú fóònù ló ń gbé. Ẹni tó ń lọ Dubai, ẹni tó ń lọ Istanbul, ẹni tó ń lọ Guangzhou, ẹni tó ń lọ wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní London tàbí Houston, wọ́n pọ̀ láàárín wa. Owó tó ń sọnù lórí tíkẹ́ẹ̀tì láàárín wa, òun náà pọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan lára wa ló jẹ́ kí a má lè sún ọ̀rọ̀ yìí síwájú mọ́. Ó gbà kí a sọ ọ́, kí a má kàn dárúkọ òun.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àwa méje la dìde pé a fẹ́ lọ sí Guangzhou nílẹ̀ Ṣáínà. Ẹ mọ̀ pé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ná ọjà ńlá Canton Fair níbẹ̀, nínú oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹwàá. Èjẹ́ntì kan ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo wa. Nígbà tó ku ọ̀la, ọmọ ẹni tí à ń wí yìí, tó wà nínú oyún, tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Ìyá wo ló máa fi ọmọ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kó lọ wọ bàlúù? Ó dúró ti ọmọ rẹ̀, ohun tó yẹ kó ṣe náà nìyẹn. Ọlọ́run ṣe é, ìyá àti ọmọ wà láàyè. Ṣùgbọ́n nínú ìdààmú yẹn, kò rántí pe èjẹ́ntì, kò rántí pe ilé-iṣẹ́ bàlúù. Àwa tí a wà ní éápọ́ọ̀tù, à ń pe fóònù rẹ̀, kò gbé e. A ní kò burú, a wọlé lọ. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rò ó pé kí a bá a pe èjẹ́ntì. Ẹ̀bi wa nìyẹn, a jẹ́wọ́.

Ọjọ́ kẹta ló tó pe èjẹ́ntì. Èjẹ́ntì ní, "Màmá, wọ́n ti kọ no-show sí i o." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ni àga kò yọjú, kò sì ránṣẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà, ohun tó padà sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin kò tó ₦200,000. Bẹ́ẹ̀, owó alájẹṣẹ́kù ló yá tó fi rà á. Ó ṣì ń san án.

Nínú àwa méje yìí kan náà, ẹnì kan wà tí físà rẹ̀ kò tètè jáde. Ìyẹn pe èjẹ́ntì nígbà tó ku ọjọ́ méjì, wọ́n bá a sún ọjọ́ rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó san owó ìyípadà àti àfikún díẹ̀, ó wá bá wa ní Guangzhou. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, èjẹ́ntì kan náà, bàlúù kan náà. Ìpè fóònù kan ṣoṣo ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

KÍ NI TÍKẸ́Ẹ̀TÌ YẸN Ń SỌ?

Bí èjẹ́ntì bá fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ọ̀pọ̀ wa kì í wò ju ọjọ́ àti aago lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó délẹ̀. Kóòdù kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà. Ìyẹn fi hàn pé wọ́n ti mú àga sílẹ̀ ní orúkọ yín. Ṣùgbọ́n àga tí wọ́n mú sílẹ̀ kì í ṣe àga tí wọ́n ti san owó rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà náà máa ń jẹ́ 13, mẹ́ta àkọ́kọ́ sì ni àmì ilé-iṣẹ́ bàlúù: 071 ni ti Ethiopian, 176 ni ti Emirates, 235 ni ti Turkish, 125 ni ti British Airways. Ẹni tí èjẹ́ntì gba gbogbo owó lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá fún un ní kóòdù mẹ́fà láìsí nọ́ńbà 13, kí ó má tíì sùn o. Kí ọmọ yín bá yín ṣí ojúlé ilé-iṣẹ́ bàlúù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó tẹ kóòdù yẹn àti orúkọ ìdílé yín síbẹ̀, ẹ óò rí i bóyá wọ́n ti san owó tàbí wọn kò tíì san án.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí NONREF, ó túmọ̀ sí pé bí ẹ̀yin fúnra yín bá ní ẹ kò lọ mọ́, wọn kò ní í dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà. Bí ẹ bá rí NON-END, ẹ kò lè gbé e lọ sí bàlúù ilé-iṣẹ́ mìíràn. Bí ẹ bá rí PENALTY, owó ìtanràn wà lórí ìyípadà. Ẹ bi èjẹ́ntì kí ẹ tó sanwó: bí mo bá fẹ́ yí ọjọ́ padà, èló? Bí n kò bá lọ mọ́, èló ló máa padà? Bí n kò bá yọjú ńkọ́? Kí ó kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù, kí ó má fi ẹnu sọ ọ́ lásán. Ẹ̀yin náà kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kó bélì aṣọ mẹ́wàá lọ láwìn.

Ìdí tí tíkẹ́ẹ̀tì méjì inú bàlúù kan fi ń ní òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò le láti yé wa. Ẹni tó ra ọjà lọ́pọ̀ láìdúnàádúrà, ẹni tó ra ẹyọ kan, ẹni tó ní òun lè dá a padà lọ́la, ṣé iye kan náà lẹ máa tà á fún gbogbo wọn? Lẹ́tà kan máa ń wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, Y tàbí M tàbí K tàbí Q, lẹ́tà yẹn ni wọ́n fi ń mọ irú iye tí ẹ san. Èyí tó pọ́ọ́kú jù, òun ni òfin rẹ̀ máa ń le jù. A kò sọ pé kí ẹ má rà á o. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ dá a lójú, tí físà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó ra èyí tó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì gba físà, tí ó ń ra NONREF, tẹ́tẹ́ ló ń ta.

Ní ti yíyí ọjọ́ padà, ohun tó ń bí wa nínú ni pé wọ́n máa ń sọ iye kan, a óò wá san méjì. Owó méjì ni lóòótọ́. Ọ̀kan ni owó ìyípadà fúnra rẹ̀. Èkejì ni ìyàtọ̀ iye. Ká ní ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì yín ní $900 nígbà tí ó ku oṣù méjì. Ẹ wá fẹ́ sún un sí ọjọ́ mìíràn, àga tó ṣẹ́kù lọ́jọ́ yẹn jẹ́ ti $1,080. Bí owó ìyípadà bá jẹ́ $100, $280 lẹ máa san, kì í ṣe $100. Nítorí náà, ẹ má kàn dá ọjọ́ kan fún èjẹ́ntì. Ẹ ní kí ó wo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún yín, nígbà mìíràn ìyàtọ̀ ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lè tó owó ẹrù. Ẹrù náà nìyẹn: bí wọ́n bá yí tíkẹ́ẹ̀tì padà, ẹ tún bèèrè iye kìlógíráàmù tí wọ́n gbà fún yín, ó lè má jẹ́ báǹdù méjì onígbà 23 tí ẹ ti ń retí mọ́.

Ó tún ku ohun kan tó ti dójú ti àwọn kan nínú wa. Bí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ àlọ àti àbọ̀, ẹ kò lè fo àlọ kí ẹ lo àbọ̀. Bí ẹ kò bá ti wọ èyí àkọ́kọ́, ẹ̀rọ wọn máa ń fagi lé gbogbo ìyókù. Ẹnì kan nínú wa gba ọ̀nà mìíràn dé Dubai nítorí ó ti pẹ́ débi bàlúù Èkó, ó rò pé òun á fi tíkẹ́ẹ̀tì òun padà wálé. Ìgbà tó dé káńtà ni wọ́n sọ fún un pé kò ní àga. Tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ló rà ní éápọ́ọ̀tù, iye tó sì rà á, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́.

Orúkọ ńkọ́? Orúkọ inú tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá ti inú pásípọ́ọ̀tù mu. Kì í ṣe "Ìyá Ìbejì", kì í ṣe orúkọ tí ọjà ń pè yín. Tíkẹ́ẹ̀tì kì í sì í ṣe aṣọ ẹbí tí ẹ lè gbé fún àbúrò yín pé kó máa wọ̀ ọ́ lọ. Àṣìṣe lẹ́tà kan tàbí méjì, wọ́n lè bá yín tún un ṣe bí ẹ bá tètè sọ. Ẹlòmíràn kò lè lò ó.

TA LÓ BA Ọ̀RỌ̀ JẸ́, ẸYIN NI TÀBÍ ÀWỌN?

Bí a bá ní kí ẹ mú ohun kan ṣoṣo nínú ìwé yìí, èyí ni a máa mú fún yín. Òfin tí a ti ń sọ láti òkè wá, ìgbà tí ẹ̀yin bá ní ẹ kò lọ mọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ bàlúù ló fagi lé ìrìn-àjò, NONREF kò ká yín mọ́. Owó yín ni wọ́n jẹ yín. Àṣìṣe tí àwọn èèyàn wa ń ṣe ni pé, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé bàlúù fẹ́ yí àkókò padà, inú á bí wọn, wọ́n á sáré pe èjẹ́ntì pé, "Fagi lé e, mi ò lọ mọ́!" Ẹ̀yin lẹ fagi lé e nìyẹn o. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn kọ̀wé pé bàlúù kò lọ mọ́, kí ẹ tó sọ pé owó yín lẹ fẹ́ gbà.

Nígbà àrùn Kòrónà a rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ìjọba ti éápọ́ọ̀tù mọ́ bàlúù ilẹ̀ òkèèrè, ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó ṣí i. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n fún ní fáúṣà dípò owó. Fáúṣà dára fún ẹni tó mọ̀ pé òun máa rìn láìpẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí ó máa kú. Àwọn kan nínú wa gbé tiwọn sínú dúrọ́ọ̀ títí ó fi kú. Bí wọ́n bá gbé fáúṣà wá fún yín, ẹ bèèrè ọjọ́ náà, kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ lè sọ pé owó lẹ fẹ́.

Ẹ ó rántí 2022 pẹ̀lú, nígbà tí owó àwọn ilé-iṣẹ́ bàlúù òkèèrè há sí Nàìjíríà, tí Emirates dáwọ́ wíwá síbí dúró. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n tó padà. Àwọn tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú gba owó wọn padà, ṣùgbọ́n ní náírà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun ọlọ́jà nìyí. Ní ìdajì oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀, dọ́là kan gbéra láti bí ₦470 ó kọjá ₦700 kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí. Ẹni tí owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lọ́wọ́ èjẹ́ntì ní àkókò yẹn, náírà rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kò lè gbé e dé ibi tó ń gbé e dé tẹ́lẹ̀. Ní tiwa, ẹni tó ṣì máa rìn láàárín oṣù mẹ́ta mẹ́rin, ó sàn kó sún ọjọ́ síwájú ju kó gba owó padà lọ, àfi bí ilé-iṣẹ́ náà bá fẹ́ dá dọ́là padà sínú àkáǹtì dọ́là.

Ibi tí owó yóò padà sí tún ṣe pàtàkì. Ojú ọ̀nà tó bá lọ ló máa gbà padà. Bí èjẹ́ntì bá fi káàdì tirẹ̀ rà á, ọ̀dọ̀ èjẹ́ntì ni owó máa kọ́kọ́ dé, ó tún lè yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ kúrò. Bí ọmọ yín ní London bá fi káàdì rẹ̀ rà á, káàdì ọmọ ló máa padà sí. Ẹ má ti àkáǹtì tí ẹ fi sanwó pa títí owó á fi dé.

Òfin ilẹ̀ wa náà kò gbàgbé wa. Òfin FCCPA tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 sọ pé oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ohun tó ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó ń tà á sì yọ iye tó mọ́gbọ́n dání, kì í ṣe kó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó tún sọ pé bí ó bá jẹ́ ikú tàbí pé ẹni tí wọ́n ra nǹkan náà fún wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni kò jẹ́ kó lè lò ó, kò sí owó ìfagilé rárá. Ẹ kíyè sí i, ẹni tí wọ́n rà á fún ni òfin wí. Ọ̀rẹ́ wa tí ọmọ rẹ̀ rọbí yẹn, ọmọ ló wà ní ọsibítù, ìyá ló ni tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà yẹn kò ṣí fún un tààrà. Ṣùgbọ́n ká ní òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n dá dúró sí ọsibítù, ìwé dókítà nìkan ni ì bá mú lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá le, FCCPC wà, NCAA náà sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ èrò ní éápọ́ọ̀tù. Ẹ lọ bá wọn níbẹ̀, kí ẹ tó padà sílé lọ máa ṣépè.

Fún ẹni tó ń lọ Amẹ́ríkà tàbí tó ń ti ibẹ̀ bọ̀: bí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì tààrà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bàlúù, tó sì ku ọjọ́ méje ó kéré tán kí bàlúù gbéra, òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n fún yín ní wákàtí 24, yálà kí wọ́n fi àga dè yín láìsanwó tàbí kí ẹ lè fagi lé e kí owó yín sì pé. Bí wọ́n bá fi wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹ àkókò ìrìn-àjò òkèèrè padà, tí ẹ kò sì gbà á, owó ni wọ́n máa dá padà. Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàlúù tó bá gbéra láti ibẹ̀, ti ẹnikẹ́ni ì báà jẹ́, bí ó bá pẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ kó tó dé Èkó, tí ẹ̀bi sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, wọ́n jẹ yín ní £520. Láti Èkó lọ sí London, bàlúù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Yúróòpù ni òfin yẹn mú. Nítorí náà, ẹni tó bá wọ Air Peace láti London bọ̀ wálé wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ láti Èkó lọ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ìjì tàbí kùrukùru kò kàn wọ́n o. Ọmọ yín tó wà níbẹ̀ lè bá yín kọ̀wé béèrè rẹ̀, ẹ má gbé e fún ẹni tó fẹ́ gba ìdá mẹ́ta lórí rẹ̀.

ÈÈNÌ INÚ KÁÀDÌ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gàrí àti ẹ̀wà, ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ èènì. Báńkì náà ń fi èènì sórí káàdì, àwa ni a kì í béèrè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya káàdì sọ́tọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, owó inú àkáǹtì wa ló ń ná. Kírẹ́díìtì káàdì ní tirẹ̀, àwìn ni. Báńkì ló sanwó, ẹ̀yin máa san án fún báńkì nígbà tí wọ́n bá dá. Bí ẹ bá san gbogbo rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n dá, èlé kì í sábà sí. Bí ẹ bá fi díẹ̀ sílẹ̀, èlé á gùn ún lóṣooṣù, èlé yẹn á sì jẹ èènì náà tán pẹ̀lú ọjà. Ẹni tí kò lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ àwìn, a kò ní kó gbà á.

Káàdì náírà náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 2022 ọ̀pọ̀ báńkì dá lílo rẹ̀ lókè òkun dúró, ní 2025 àwọn kan tún ṣí i padà pẹ̀lú ààlà iye tí ẹ lè ná. Káàdì orí àkáǹtì dọ́là ló ṣì fọkàn balẹ̀ jù. Bí ẹ bá ń sanwó lókè òkun, tí ẹ̀rọ bi yín pé ṣé kí ó gba náírà tàbí dọ́là yín, tàbí owó ibẹ̀, ẹ mú owó ibẹ̀. Iye tí ẹ̀rọ wọn fi ń ṣẹ́ ẹ kì í ṣe ti ọ̀rẹ́.

Èènì tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn ni yàrá ìsinmi éápọ́ọ̀tù, níbi tí oúnjẹ, tíì àti àga tó rọ̀ wà. Káàdì Platinum tàbí Infinite àwọn báńkì kan máa ń gbé yín wọ ibẹ̀, nígbà mìíràn nípasẹ̀ Priority Pass, ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn láti 1992. Fún ẹni tó máa jókòó wákàtí mẹ́jọ ní Addis Ababa, nǹkan ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ẹnì kan nínú wa ní irú káàdì yẹn, ó ní kí gbogbo wa máa bọ̀. Àwa mẹ́rin wọlé, a jẹ, a mu, a sùn. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni báńkì yọ owó orí àwa mẹ́ta tó kù nínú àkáǹtì rẹ̀, ní dọ́là. Òun nìkan ni èènì wà fún. A dá owó náà jọ fún un, ṣùgbọ́n a rẹ́rìn-ín ara wa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì: ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún, èmi àti ta ni, èló ni lẹ́yìn ìyẹn?

Èènì tó wúlò jù lójú tiwa kì í ṣe oúnjẹ. Ìṣúra ìrìn-àjò ni. Káàdì kan máa ń ní ìṣúra nínú tó ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì tó bá jóná nítorí àìsàn tàbí ikú nínú ìdílé, tó ń sanwó ẹrù tó sọnù, tó ń sanwó ọsibítù lókè òkun. Àṣírí rẹ̀ ni pé ó sábà máa ń jẹ́ dandan kí ẹ fi káàdì yẹn gan-an san gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá kó owó fún èjẹ́ntì lọ́wọ́, ìṣúra yẹn kò mọ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lọ ra léèsì ní Austria, ẹ mọ̀ pé físà Schengen ń béèrè ìṣúra tó kéré tán €30,000. Kí báńkì kọ ọ́ sínú lẹ́tà kí ẹ tó gbà pé ti káàdì tó. Bí kò bá sí nínú káàdì, a lè rà á lọ́tọ̀. Ká ní ọ̀rẹ́ wa tí à ń sọ ní èyí tó ka ọmọ mọ́ ìdílé, ì bá rí nǹkan gbà.

Èkejì ni ẹ̀tọ́ láti ní kí báńkì gba owó padà. Bí ẹ bá fi káàdì Visa tàbí Mastercard sanwó, tí ilé-iṣẹ́ náà fagi lé bàlúù tí wọ́n kò sì dá owó padà, ẹ lè kọ̀wé sí báńkì yín kí wọ́n bá yín já a padà. Ó ní ọjọ́ tó máa ń pé, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì àti gbogbo lẹ́tà. Àwọn ọmọ wa ní London tún ní òfin tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti 1974: ohun tí iye rẹ̀ ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000 lọ, tí wọ́n fi kírẹ́díìtì káàdì rà fún ara wọn, báńkì náà dáhùn fún un bí ẹni tó tà á kò bá mú àdéhùn ṣẹ. Ẹni tó kówó fún èjẹ́ntì nínú ọ̀rá dúdú, ta ni yóò bá a já a padà?

Máìlì náà wà, èyí tí à ń kó jọ bí a bá ṣe ń fò. Ethiopian àti Turkish wà nínú ẹgbẹ́ kan náà tí wọ́n ń pè ní Star Alliance, nítorí náà, ẹni tó ń lọ Guangzhou gba Addis, tó tún ń lọ Istanbul, lè kó gbogbo rẹ̀ sínú àkáǹtì máìlì kan dípò méjì. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ti fò ní ìgbà mẹ́wàá láì ní nọ́ńbà kankan. Ó dùn wá o, èènì ọdún púpọ̀ ló bá afẹ́fẹ́ lọ.

Àwọn tó ń múra ìrìn-àjò oṣù Kẹrin, ẹ rí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ẹ tó sanwó fún èjẹ́ntì kankan. A ti pinnu ní ìpàdé pé ẹgbẹ́ tó bá jọ ń rìn yóò kọ nọ́ńbà èjẹ́ntì àti nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ bàlúù sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo wọn, pẹ̀lú kóòdù mẹ́fà tíkẹ́ẹ̀tì olúkúlùkù. Ẹni tí a kò bá rí ní éápọ́ọ̀tù, tí kò gbé fóònù, ẹni tó wà nítòsí yóò bá a pè kí bàlúù tó gbéra. Ẹ mú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì yín wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kódà èyí tó ti jóná, a óò jọ kà á.